Orin Bàbá Akọrin Nínú Fìrísà Ẹlẹ́ja

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tó wọ sùtánà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìyànà Ọ̀fà, mo kọ́kọ́ rò pé aláìsàn ni wọ́n gbé, pé wọ́n ṣìnà ni. Ọkùnrin méjì ló rọra gbé e wọlé. Aṣọ funfun báláú bò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n sì fi àmùrè búlúù dì í níbi tí ìbàdí ìbá wà bí ẹ̀rọ bá ní ìbàdí. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dọ̀kási ló ṣáájú wọn. Òun náà wọ funfun, kò wọ bàtà, ojú rẹ̀ sì ti wú nítorí ẹkún.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe?"

"Èmi ni. Kí ló dé tó wọṣọ?"

"Ọmọ ìjọ ni, mà."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Bí ènìyàn bá ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi, ó ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rín mọ́ra, nítorí oníbàárà tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ kì í fẹ́ rí eyín ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n gbé e lé orí tábìlì, mo sì fún ọmọbìnrin náà ní àga.

Ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ló ń lọ sópin nígbà náà, kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń fojú rí i ní ọ́fíìsì, àwọn tó lọ́mọ lókè òkun ń rí i gbà, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò mọ ibi tí orí rẹ̀ wà, wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Bàbá kan tó ń ta pákó gbé ojú kọ̀ǹpútà nìkan wá bá mi nígbà kan, ojú tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n yẹn, ó ní kí n bá òun wá ìwé kan tó sọnù nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ojú lásán lẹ gbé wá, sà, inú àpótí tó wà nílé ni ìwé wà. Bàbá bínú gidigidi. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé mi ò mọ ibi tí mo ti ń rí i ni?" Wọ́n gbé e padà lọ, wọn ò sì kí mi mọ́ títí wọ́n fi kó kúrò ní Ìyànà Ọ̀fà.

Ọlọ́runṣògo, nígboro Ìbàdàn, ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfú. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń tún ṣe kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nígbà tó dé, wọ́n kàn tú ọ̀kan palẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn." Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún mi ni pé kí n máa fi imú gbọ́ òórùn ẹ̀rọ kí n tó fọwọ́ kàn án. Bó bá ń rùn bí èlùbọ́ tó jóná, wáyà ló yọ́. Bó bá ń rùn bí ilé adìẹ, eku tàbí ọmọńlé ló kú síbẹ̀. Mo fìtara ki imú bọ inú èyí tí mo kọ́kọ́ rí. Èèrà ló kún ibẹ̀. Odindi ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo fi ń sín, Ọ̀gá Múfú sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ọmọ iṣẹ́ tuntun àwọn nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ débi pé ó fẹ́ fà á símú.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti oníbàárà. Wọ́n ní kò sí oníbàárà tí yóò sọ pé òun ṣe nǹkan kan fún ẹ̀rọ òun. "Bí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe nǹkan kan," Ọ̀gá Múfú á wí, "bi wọ́n léèrè ohun tí wọn ò ṣe náà." Ìbéèrè yẹn ni mo bi Dọ̀kási.

"Kí lẹ ṣe fún un?"

"A ò ṣe nǹkan kan, mà."

"Kí ni ohun tí ẹ ò ṣe náà?"

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Olódò ni ilé wọn wà, nínú ọgbà ìjọ aládùúrà tí bàbá rẹ̀ ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí wọn ò tíì bí òun alára. Bàbá Akọrin ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n Dọ̀kási tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà méjì ránṣẹ́. Wọ́n gbé ọ̀kan sí pálọ̀ bàbá, wọ́n gbé èkejì sí ọ́fíìsì ìjọ, wọ́n wá na wáyà gba ojú fèrèsé láti ọ̀kan dé èkejì. Ti pálọ̀ ni wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí, àwọn ará ọ́fíìsì á sì máa bá wáyà wá mú ohun tí wọ́n bá fẹ́ níbẹ̀. Ó jọ mí lójú. Ní Olódò ní àkókò yẹn, àwọn tó lówó ju ìjọ lọ ò nírú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ya àwọn ẹ̀rọ náà sí mímọ́, àgbà ìjọ kan dìde pé ohunkóhun tí yóò bá máa ṣiṣẹ́ Olúwa nínú ọgbà yìí, funfun ni yóò wọ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Télọ̀ ìjọ mú okùn ìwọnṣọ wá, ó wá ọrùn rẹ̀ títí, kò rí ọrùn, ó bá wọn èjìká. Láti ọjọ́ náà ni ti pálọ̀ ti ń wọ sùtánà tọ̀sán-tòru. Ti ọ́fíìsì là, nítorí aṣọ ò kárí.

"Ẹ máa ń bọ́ aṣọ náà bí ẹ bá fẹ́ tan ẹ̀rọ?"

"Rárá o, mà! A kàn máa ń ká a sókè díẹ̀ níwájú, bí ẹni fẹ́ rìn nínú omi."

Mo bọ́ aṣọ náà. Mo ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin méjì yẹn kí n tó bọ́ ọ, wọ́n sì yíjú sí ìta. Kọ̀ǹpútà ní ihò lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fi ń mí, ó ní fáànù kékeré kan tó ń tú ooru inú rẹ̀ síta. Ẹ gbé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú aṣọ tó nípọn, tó lápá, tó tún ní ìnuwọ́, ẹ wá tàn án láàárọ̀, ẹ ò pa á títí di ìrọ̀lẹ́. Mo gbóòórùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi ti kọ́ mi. Ó ń rùn bí àkàrà tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

Inú àpótí yẹn ni irin kan wà tí kò tóbi ju agolo sàdíìnì lọ. Háàdì dísìkì lorúkọ rẹ̀, àmọ́ Ọ̀gá Múfú tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé kan lápá Akínyẹlé ń pè é ní àká, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ènìyàn bá kó jọ ń wọ̀ sí. Àwo pẹlẹbẹ ló wà nínú rẹ̀ tó ń yí bí àwo orin, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan á sì máa sáré lójú rẹ̀ láti kà á. Nígbà tí mo tan ti Dọ̀kási, ó yí díẹ̀, ó ké kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó dákẹ́. Mo tún un tàn. Ó ké, ó dákẹ́.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?" Mo ti ń bẹ̀rù ìdáhùn kó tó sọ ọ́.

"Orin bàbá mi, mà. Gbogbo orin tí wọ́n kọ láyé wọn."

Bàbá ti fọwọ́ kọ gbogbo wọn sínú ìwé tẹ́lẹ̀. Dọ̀kási jókòó tì wọ́n títí ó fi tẹ̀ wọ́n tán sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n kó ìwé sínú àpótí sábẹ́ ibùsùn, ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Ikán ló wọ àpótí náà. Nígbà tí wọn yóò fi ṣí i, ìyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n bá. Bàbá tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní ṣebí kọ̀ǹpútà wà. Ìkórè ọdún náà ti dé tán báyìí, ọjọ́ ìkórè yẹn gan-an ni Bàbá fẹ́ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí orin lé ẹni tó máa rọ́pò wọn lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà wá dákẹ́.

Mo ní kí n fojú ara mi rí wọn. Ìta ilé ni mo ti bá Bàbá Akọrin, arúgbó gbẹ́lẹ́jẹ́ kan tó jókòó lórí àga onírin. Ọwọ́ wọn ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń darí orin, yóò dúró láàárín, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ọmọ mi, mo ń gbàgbé," wọ́n ní. "Ohùn rẹ̀ ń wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò wá mọ́. Bí mo bá fa ọ̀pá fún ọmọ tó máa rọ́pò mi tí kò sí orin, igi lásán ni mo fà fún un."

Àánú wọn ṣe mí débi pé mo fẹ́ ṣèlérí ohun tí mi ò lè ṣe. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo tú àká náà jáde, mo dì í sínú aṣọ ìnura, mo wọkọ̀ lọ sí Ọlọ́runṣògo.

Ọ̀gá Múfú gbé e sétí bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Wọ́n ní kí n tan iná sí i. Wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n mi orí.

"Kí ni wọ́n ṣe fún un?"

"Wọ́n fi sùtánà wọ̀ ọ́, sà."

Ọ̀gá Múfú gbé àká náà sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n sì pe ìyàwó wọn pé kó wá gbọ́. Nígbà tó tó àkókò ìmọ̀ràn, ojú wọn tún le.

"Ooru ló bà á jẹ́. Irin inú rẹ̀ ti wú, wọ́n ń ha ara wọn. Òtútù lè mú un sún kì, yóò sì yí fún ìgbà díẹ̀. Bó bá ti ń móoru, yóò tún dákẹ́. Ìgbà díẹ̀ yẹn lo ní. Wá fìrísà tí iná rẹ̀ kì í kú, dì í dáadáa kí omi má kàn án. Bó bá ti jí, kó ohun tó bá ṣe iyebíye jù jáde lákọ̀ọ́kọ́."

"Bí kò bá jí ńkọ́, sà?"

"Òtútù yẹn náà lè pa á pátápátá. Sọ fún wọn kó o tó dán an wò. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́yìn."

Mo padà lọ sọ ọ́ fún Bàbá bí ọ̀gá mi ti sọ ọ́. Wọ́n bi mí pé bí a ò bá ṣe é ńkọ́. Mo ní kò sí orin kankan tí yóò jáde, sà. Wọ́n ní, "Kí lò ń dúró dè nígbà náà?"

Fìrísà tí iná rẹ̀ kì í kú ló wá di wàhálà. Ní Olódò nígbà yẹn, iná lè lọ láàárín gbólóhùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní fìrísà ńlá àti jẹnẹrétọ̀ tí kì í sinmi. Àlàájà Sàfú ni, ó ń ta ẹja dídì, ògiri kan náà ló pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ọgbà ìjọ níyà. Ojú gbogbo àgbà ìjọ wálẹ̀ nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀. Ó ṣe tán, àwọn ló lọ bá a lọ́dún tó kọjá pé ariwo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń dí Ẹ̀mí lọ́wọ́, òun náà sì dá wọn lóhùn pé agogo wọn ò jẹ́ kí ẹja òun sùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Èmi àti Dọ̀kási la lọ.

Àlàájà wà nídìí òṣùwọ̀n rẹ̀, ó fi ìborùn bo orí, ó mú ọ̀bẹ dání, obìnrin tó sanra tó sì lójú àánú lábẹ́ gbogbo ariwo ẹnu rẹ̀. A kúnlẹ̀.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ fi nǹkan kan sínú fìrísà yín."

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

"Orin ni, mà."

Ó wò mí. Ó wo Dọ̀kási. "Orin. Ṣé ó ti ń rà ni?"

"Ó ti fẹ́ rà, mà," ni mo wí, nítorí mi ò rí ọ̀nà mìíràn tí mo lè fi ṣàlàyé.

"Áà, ẹ̀yin aládùúrà! Jẹnẹrétọ̀ tó ń dí Ẹ̀mí lọ́wọ́, òun lẹ tún gbé orin Ẹ̀mí wá bá lónìí? Orin ta ni?"

"Orin bàbá mi ni, mà," ni Dọ̀kási wí, omijé sì kún ojú rẹ̀.

Ojú Àlàájà yí padà wẹ́rẹ́. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́. "Orin Bàbá Akọrin? Ẹ dìde ńlẹ̀. Ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ṣàwá mi o."

Mo fi aṣọ ìnura tó gbẹ di àká náà, mo wá fi ọ̀rá dì í lé e lórí léraléra. Àlàájà fọwọ́ ara rẹ̀ tì í sáàárín títù àti pánlá. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé ẹja, mo so háàdì dísìkì tuntun mọ́ ọn láti máa gba orin sí. A jókòó, a ń dúró.

Ìròyìn ti tàn ká ọgbà ìjọ. Àwọn ìyá ìjọ dé nínú aṣọ funfun, wọ́n mú Bàbá Akọrin dání, wọ́n yí fìrísà ká, wọ́n ń gbàdúrà jẹ́jẹ́. Obìnrin kan tó wá ra ẹja yọjú, ó rí funfun tó yí àpótí gígùn ká, ó kàwọ́ mọ́rí.

"Yéè! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," Àlàájà dáhùn. "Orin ló wà nínú fìrísà."

Obìnrin náà yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ, kò ra ẹja kankan. Àlàájà kọjú sí àwọn ìyá ìjọ. "Ẹ rí i? Ẹ ti ń lé oníbàárà mi. Ẹni tó bá máa dúró níbí, kó mú ọ̀bẹ." Bí àwọn ìyá ìjọ ṣe ká apá sùtánà sókè nìyẹn, tí wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja, tí wọ́n sì ń gbàdúrà lọ. Àlàájà ń gba ọ̀kan nímọ̀ràn pé kó má gé títù bí ẹni gé búrẹ́dì.

Nígbà tí mo rò pé ó tó, mo yọ àká náà jáde, mo tú ọ̀rá rẹ̀, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ó yí. Ó ké kẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ló wá ń yí geere bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Àwọn ìyá ìjọ hó yèè, ìpẹ́ ẹja fò kiri.

Mo rántí ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi. "Bàbá, èwo ni ká kọ́kọ́ kó? Èyí tí ẹ fẹ́ jù ni kí ẹ dárúkọ."

Bàbá Akọrin jókòó lórí àpótí tí Àlàájà gbé fún wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ ni gbogbo wọn. Èwo ni kí n yọ sílẹ̀? Kó wọn bí wọ́n ṣe tò."

Mo ń kó wọn bí wọ́n ṣe tò. Dọ̀kási ń pe orúkọ orin kọ̀ọ̀kan bó ti ń jáde, Bàbá á gbé orí sókè, wọ́n á ní "Hẹn-ẹn!" wọ́n á fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ tó ti rìnrìn àjò ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí igbe kẹ́-kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Mo tún di àká náà, mo dá a padà sáàárín ẹja. A ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. A ó gbé e jáde, yóò ju díẹ̀ sílẹ̀ fún wa, a ó tún dá a padà.

Àárín èyí ni oníbàárà pọ̀ lójijì. Mo kọjú sí ẹ̀rọ, mo ń wo ohun tó ti wọlé, ni mo gbọ́ tí Àlàájà ń ki ọjà rẹ̀ lẹ́yìn mi. "Wo bó ti le! Títù gidi nìyí, kò tíì yọ́ rárá." Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí gbogbo iṣẹ́ ayé Bàbá Akọrin lórí òṣùwọ̀n, tí oníbàárà sì ti na báàgì. Mi ò mọ bí mo ṣe fo tábìlì. Mo ṣáà gbá a mú. Oníbàárà ní kí ni mo rò pé mo ń ṣe, pé òun lòun kọ́kọ́ dé.

Ọjọ́ ti rọ̀ nígbà tí a kó wọn dé orí èyí tó kẹ́yìn. Orin kan ṣoṣo ló kù. Mo so àká náà mọ́ ẹ̀rọ, ó yí díẹ̀, ó ké igbe kan tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì dákẹ́. Mo dá a padà sínú fìrísà, mo gbé e jáde, kò mí mọ́. Mo ti mọ̀. Mo kàn ń fọwọ́ pa á ni.

"Èyí tó kù ńkọ́?" ni Bàbá bi mí.

"Ó ti lọ, sà. Ẹ má bínú."

Wọ́n mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Orin ìyá Dọ̀kási ni."

Orin tí wọ́n kọ fún ìyàwó wọn ni, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn. Láti ìgbà tí ìyàwó náà ti kú, tí Dọ̀kási wà lọ́mọ ọwọ́, wọn ò jẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin kọ ọ́ mọ́. Wọ́n dì í mú fún ara wọn. Kò wá sí ẹni tó rántí rẹ̀ mọ́ nínú ìjọ. Dọ̀kási ló tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, àmọ́ ó kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá ni, kò fi sọ́kàn, kò sì kọ ọ́ rí. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lójú gbogbo wa.

"Bí ilẹ̀ bá mọ́, Olúwa, jí mi…"

Ọwọ́ wọn dúró lófuurufú. Ọ̀rọ̀ tó kù ò wá. Mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí fún ìgbà díẹ̀ nígbà náà, mo ti rí ẹ̀rọ tó kú lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn dùn mí dọ́kàn. Mo wo ilẹ̀.

Ohùn kan bá gbà á láti ìdí òṣùwọ̀n.

"Má jẹ̀ẹ́ kí n sùn kọjá àsùbáà…"

Gbogbo wa yíjú. Àlàájà Sàfú ni. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìpẹ́ ẹja wà lápá rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ní, "Àlàájà, kò lè jẹ́ àsùbáà! Orin ìjọ ni." Bàbá na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Àlàájà bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ lu etí tábìlì:

"Bí ilẹ̀ bá mọ́, Olúwa, jí mi,
Má jẹ̀ẹ́ kí n sùn kọjá àsùbáà;
Bí o bá ń pín oore ọjọ́,
Kó má bá mi lórí ẹní."

"Ta ló kọ́ ọ?" Bàbá béèrè.

"Ìyàwó yín ni, Bàbá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ níbí nígbà náà, oorun mi sì pọ̀. Ojoojúmọ́ ni ìyá ọkọ mi ń bá mi jà pé ìrun òwúrọ̀ ń kọjá mi. Mo lọ sunkún fún ìyá Dọ̀kási. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti jí gbálẹ̀ ìjọ, wọ́n á dúró lẹ́bàá ògiri yìí, wọ́n á kọ ọ́ títí mà á fi wúkọ́. Bí mo bá ti wúkọ́, wọ́n á mọ̀ pé mo ti dìde."

"Ìyàwó mi ń jí ẹ kírun?"

"Wọ́n ń jí mi kírun, sà."

"Àsùbáà yẹn ńkọ́?"

"Àwọn náà ló fi síbẹ̀. Wọ́n ní báwọn bá kọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, mi ò ní mọ̀ pé èmi làwọn ń pè."

Bàbá Akọrin wo ògiri náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n léjìká. "Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí ibùsùn, Sàfú. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, mo rò pé èmi ló ń kọ ọ́ fún!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn, Àlàájà náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi apá tí ìpẹ́ wà nu ojú. Ẹnì kan bi Bàbá pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an kí ìyàwó wọn tó yí i. Wọ́n ronú títí.

"Mi ò rántí. Tèmi ti lọ. Tirẹ̀ ló kù. Dọ̀kási, tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Dọ̀kási tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì ẹja, bí Àlàájà ṣe ń pè é fún un. Kí n tó lọ, mo fún télọ̀ ìjọ ní àṣẹ pé bí wọn yóò bá tún dáṣọ fún ẹ̀rọ, kí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ó ní aṣọ bẹ́ẹ̀ ò bójú mu. Mo ní kó lọ bi Bàbá. Níbi iṣẹ́ mi, bí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ bá béèrè bóyá mo gba gbogbo nǹkan jáde lọ́jọ́ yẹn, mo máa ń sọ fún wọn pé mo gba gbogbo rẹ̀ àfi èyí tí wọ́n fẹ́ jù, ìyẹn sì rèé, ẹlẹ́ja ló gbà á.

Wọ́n pè mí síbi ìkórè. Àárín ìsìn la wà tí nǹkan kan yí padà, tí olúkúlùkù ń wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kí a tó mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ Àlàájà ló dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á, nínú oòrùn ọ̀sán, tí ẹja kún fìrísà. Bàbá Akọrin dìde, wọ́n gbé ọ̀pá sókè, ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀ orin ìyá Dọ̀kási. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kejì, Bàbá gbé ọwọ́ òsì pé kí wọ́n dákẹ́, wọ́n sì yí ọ̀pá sí ògiri. Láti ẹ̀yìn ògiri, ohùn kan ṣoṣo kọ ọ́, ó lọ geere, ó dé àsùbáà. Mo ń sunkún, mi ò sì fi pamọ́.

Ohùn kan náà tún ké láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí tó kù kíákíá! Títù mi ti ń yọ́!"

Ẹ̀rín ni ẹgbẹ́ akọrin fi gba ìlà kẹta, ẹ̀rín náà ni Bàbá ń rín nígbà tí wọ́n fa ọ̀pá náà lé ẹni tó rọ́pò wọn lọ́wọ́.